Ẹ̀wà Tí Yúróòpù Kọ̀, Tí Gbàgádà Ń Jẹ

Bí ọ̀rọ̀ Sniper, oògùn apakòkòrò, bá ti délẹ̀, èsì àwọn aláṣẹ kì í yàtọ̀: ìjọba ti fòfin dè é. Ìgò ni wọ́n fòfin dè. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí ìgò 100ml kúrò lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó ń fi í gba ẹ̀mí ara wọn má baà rí i rà wẹ́rẹ́. Ìdí yẹn dára, kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ìgò lítà ṣì wà ní ìsọ̀ oògùn oko, ẹni tó fẹ́ da oró sí àpò ẹ̀wà nítorí kòkòrò kò sì nílò ìgò kékeré.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí oró yìí ń ṣe. Ní ìpẹ̀kun iṣan ìmọ̀lára ni àwọn àpò tín-tìn-tín wà, tí kẹ́míkà tó ń jíṣẹ́ kún inú wọn. Bí àmì iná mànàmáná bá gba ojú iṣan dé ibẹ̀, calcium á rọ́ wọlé, àwọn àpò náà á lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì tú ẹrù wọn sí àlàfo tó wà níwájú sẹ́ẹ̀lì kejì. Ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà yìí ni acetylcholine: òun ló ń mú ẹran ara sún kì, ìrántí inú ọpọlọ kò sì lè ṣe aláìlò ó. Bó bá ti jíṣẹ́ tán, ẹ́ńsáìmù kan á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yìí ni Sniper ń dè lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí kò ní parí mọ́: itọ́ á máa dà, ojú á ṣú, ẹran ara á máa gbọ̀n, èémí á dí. Bí aáyán ṣe ń kú nìyẹn. Bí ènìyàn náà ṣe ń kú nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù kan náà ni.

Oníẹ̀wà á ní díẹ̀ ni òun fi sí i, àti pé fífọ̀ àti sísè á mú un lọ. Ta ló wọn èyí tó kù nínú abọ́? Àwọn tó wọ̀n ọ́n rèé: ní 2015, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà. Òdiwọ̀n wọn fún oró yìí jẹ́ 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Wọ́n bá 0.03 títí dé 4.6. Ìyẹn tó ìlọ́po 460. Nǹkan tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n fún wa ní ọjà Mile 12 ní Èkó. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí ìyá wọn fara kó irú oró bẹ́ẹ̀ nínú oyún fi hàn pé làákàyè wọn sábà máa ń rẹlẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn.

Láyé àtijọ́, èso ẹsẹrẹ ni wọ́n fi ń dájọ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní Kàlàbá. Ẹ́ńsáìmù tí Sniper ń dè náà ni oró inú rẹ̀ ń dè. Àwọn yẹn tilẹ̀ fẹ̀sùn kan ènìyàn kí wọ́n tó fún un jẹ.

Àwọn kan á tún bá ará Gbàgádà, ní Èkó, wí pé ó ń fọ́n Sniper sí yàrá nítorí ẹ̀fọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á kó ẹrẹ̀ rẹ̀ sí etí, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Òjò á dé, ẹrẹ̀ á padà sáyè rẹ̀, ẹ̀fọn á bí sí i. Agbowó orí kì í sì í gbàgbé àdúgbò náà.

Bí kòkòrò ẹ̀wà bá ni ìṣòro, àpò onípele mẹ́ta tí Yunifásítì Purdue ṣe wà: afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọ inú rẹ̀, kòkòrò á kú láìsí oró kankan. Kí ìjọba mú un pọ̀ lọ́jà. Kí NAFDAC sì fi ìgò sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn lọ sí ìsọ̀ ẹ̀wà ní Mile 12 àti Kétu, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n bá sójú pátákó fún ẹni tó ń rà.