Eyín Àtọwọ́dá Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ìkánjú

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baálé ilé, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú àwọn òbí yín, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí jẹ mọ́ ẹnu. Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ìyá tàbí ìyá àgbà nínú ilé tí eyín rẹ̀ ti kán tàbí tí wọ́n ti yọ. Bí a bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, yóò ní ẹ̀kọ ti tó òun. Bí a bá ń rẹ́rìn-ín, yóò fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ará ilé a sì gbà pé bí ọjọ́ ogbó ti rí nìyẹn. Ní èrò tèmi, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé eyín àtọwọ́dá wà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yanjú sì wà.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ọ̀nà ẹ̀bùrú tí àwọn kan ń gbà wá eyín náà. Wọn a tọ ẹni tí ó pàtẹ eyín sí ẹ̀gbẹ́ ọjà lọ, tàbí ẹni tí ń gbé àpò irinṣẹ́ kiri, wọn a sì jókòó kí ó lẹ eyín mọ́ wọn lẹ́nu láàárín wákàtí kan. Mo fẹ́ kí ó yé wa pé eyín àtọwọ́dá tí a kò bá ṣe ní ìpele-ní-ìpele kò yẹ ní ẹnu ènìyàn, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá kò dára tó. George Washington, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò ní ju eyín kan ṣoṣo tirẹ̀ lọ lẹ́nu mọ́ nígbà tí ó gorí oyè ní ọdún 1789. Eyín erinmi àti eyín ènìyàn mìíràn wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe tirẹ̀, ìnira ni ó sì jẹ́ fún un. Lẹ́yìn ogun Waterloo ní ọdún 1815, àwọn kan ń yọ eyín lẹ́nu òkú ọmọ-ogun láti tà á fún àwọn tí ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Nígbà tí ó yá, rọ́bà tí a fi iná àti imí-ọjọ́ sọ di líle ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ tí eyín náà ń dúró lé. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni ohun èlò tí a ń pè ní acrylic dé, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù lọ títí di òní. Ó fúyẹ́, a lè pa á láró kí ó jọ ẹran ìdí eyín, ó sì ṣe é tún ṣe bí ó bá kán.

Bí ohun èlò yìí ti dára tó, kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá bá ẹnu ẹni tí yóò lò ó mu. Bí ọmọ ìka kò ti dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu kò dọ́gba. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi ń gba àkókò, ẹ jẹ́ kí n sì ṣàlàyé bí ó ti ń lọ.

Ní ilé-ìwòsàn, dókítà eyín yóò kọ́kọ́ yẹ ẹnu wò. Yóò yọ kùkùté eyín tí ó ti jẹrà, yóò fọ àwọn eyín tí ó kù, yóò sì wò ó bóyá egbò kan wà tí ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba àwòṣe ẹnu. Yóò po ìyẹ̀fun alginate, èyí tí a mú jáde láti ara ewéko inú òkun, mọ́ omi títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Yóò dà á sínú àwo kékeré kan, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu aláìsàn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yóò dì, yóò sì gba àpẹẹrẹ gbogbo kọ̀rọ̀ ẹnu náà. A ó da POP sínú àpẹẹrẹ yìí, nígbà tí ó bá sì gbẹ, ère ẹnu aláìsàn náà gan-an ni a ó ní lọ́wọ́.

Orí ère yìí ni onímọ̀ iṣẹ́-ọwọ́ eyín, tí òyìnbó ń pè ní dental technologist, yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Yóò fi ìda mọ odi kékeré sí ibi tí kò sí eyín. Aláìsàn yóò padà wá kí ó pa ẹnu dé lórí odi ìda náà, kí a lè mọ bí àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti ń pàdé. Lẹ́yìn náà ni yóò to eyín sínú ìda lọ́kọ̀ọ̀kan, aláìsàn yóò sì tún wá dán an wò. Ọjọ́ ìdánwò yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọjọ́ náà ni ìyá lè sọ pé eyín náà funfun jù, tàbí pé ó ga jù, tàbí pé òun ní èjí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ dá èjí òun padà. Ìda ṣì ni, gbogbo rẹ̀ ni ó ṣe é yí padà.

Bí ó bá ti tẹ́ aláìsàn lọ́rùn, a ó fi POP bo ìda àti eyín náà mọ́ inú àpótí irin onídèérí, a ó fi omi gbígbóná yọ́ ìda kúrò, a ó sì ki acrylic tí a ti pò sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí ó rọ àwọn ère orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ mọ irú ọgbọ́n yìí. Wọn a fi ìda mọ ère, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yọ́ ìda kúrò, wọn a sì da idẹ tí ó ti yọ́ sí ipò rẹ̀. Ti eyín ń fẹ́ sísè. A ó gbé àpótí irin náà sínú omi tí ó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí a tó jẹ́ kí omi náà hó. A ó jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀ kí eyín náà má baà wọ́, lẹ́yìn èyí ni a ó gé e, tí a ó sì dán an.

Sísè yìí kì í ṣe àṣejù. Ìyẹ̀fun àti omi kan tí òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú ni a pò pọ̀ di acrylic. Sísè fún ìgbà pípẹ́ ni ó ń jẹ́ kí omi náà di ọ̀kan pẹ̀lú ìyẹ̀fun. Bí a kò bá sè é tó, omi tí ó ṣẹ́kù yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu, ó sì lè máa ta ẹran ẹnu bí ata.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ayédèrú oníṣẹ́ eyín ń ṣe. Òun kì í gba àwòṣe ẹnu. Yóò po irú acrylic tí ó máa ń dì láìsí sísè, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran ìdí eyín àti eyín tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà mìíràn yóò tún fi wáyà dè é. Acrylic bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná bí ó bá ti ń dì, ó sì lè jó ẹran ẹnu. Bí ó bá ti dì tán, kò ṣe é yọ. Oúnjẹ yóò há sí abẹ́ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kò ní dé ibẹ̀, pákò kò ní dé ibẹ̀. Láìpẹ́ ẹnu yóò máa rùn, ẹran yóò wú, ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde, àwọn eyín tí ó yè tí a so ó mọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tí ó lọ nítorí eyín kan lè pàdánù mẹ́ta. Bí irinṣẹ́ tí ó lò fún ẹni àná kò bá sì mọ́ kí ó tó lò ó fún ẹni òní, ó lè kó àrùn tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn ni, bí hepatitis B.

Ewu mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ilé kò mọ̀. Eyín àtọwọ́dá kékeré tí kò dúró dáadáa lè já bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun nígbà tí ènìyàn bá ń jẹun tàbí tí ó bá ń sùn. Acrylic kì í sì í sábà hàn nínú àwòrán X-ray. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé eyín mì, kí ó tètè lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ó sì sọ ọ́ gan-an fún dókítà láìtijú. Ẹ má ṣe fi òkèlè ẹ̀bà tì í.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní owó ilé-ìwòsàn pọ̀, pé ọ̀nà jìn, pé ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n ní kí àwọn padà wá. Òótọ́ ni, n kò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ìṣòro ẹni tí ń fi owó òòjọ́ bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n owó tí a ó fi tú iṣẹ́ ayédèrú ká, tí a ó fi wo egbò rẹ̀ sàn, kí a tó wá tún òmíràn ṣe, lè ju owó tí a sá fún lọ. Ẹ béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Eyín onípìlẹ̀ acrylic kì í wọ́n tó ti onírin, ẹ sì lè bẹ àwọn dókítà kí wọ́n má fi ọjọ́ ìpàdé bọ́ sí ọjọ́ ọjà yín. Àwọn ọmọ tí yóò dá owó aṣọ ẹbí jọ nígbà tí ìyá bá kú lè dá owó eyín jọ nígbà tí ó wà láàyè. Ìjọba náà ní ẹrù tirẹ̀ láti gbé: ó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ yìí àti yàrá iṣẹ́ wọn wà ní ìtòsí àwọn ará ìlú kéékèèké, kí àwọn ayédèrú má baà máa rí àyè.

Ní báyìí, ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní UCH ní Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó, àti ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ béèrè ní ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín ibi tí ẹ ó ti rí dókítà eyín. Láti ọdún 1987 ni òfin ti wà lórí fíforúkọ àwọn dental technologist sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan ẹnu yín.

Bí eyín náà bá ti délé, ó kù sí ọwọ́ ará ilé. Ahọ́n àti eyín tí Ọlọ́run dá pọ̀ pàápàá máa ń jà, nítorí náà kí ẹni tuntun mú sùúrù. Kí ó fi oúnjẹ rírọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó máa gé ẹran wẹ́wẹ́, kí ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹun. Kí ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ fọ eyín náà lójoojúmọ́ lórí abọ́ omi, kí ó má baà fọ́ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́. Omi gbígbóná a máa jẹ́ kí ó wọ́. Ní alẹ́, kí ó yọ ọ́, kí ó fi í sínú omi tútù tí ó mọ́ nínú ife onídèérí, kí ẹran ẹnu lè sinmi. A kì í yá ẹlòmíràn ní eyín, a kì í sì í jogún rẹ̀. Bí ó bá ń dá egbò sílẹ̀, kí ó padà sí ilé-ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀bẹ gé e nílé. Egbò ẹnu tí kò bá jiná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà gbọ́dọ̀ rí i.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí kò lè jẹ mọ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò bí yóò ti mú un lọ rí dókítà eyín. Ìlera ni ọrọ̀.