Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Mọ́tò Yín

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tí n ò lè gbé mì mọ́. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Mo mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kì í ní tayà mẹ́rin, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń wí ni mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fún tayà iwájú lágbára tó tún ń fún ti ẹ̀yìn, èyí tí gbogbo yín ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì: Honda CR-V àtijọ́, Toyota RAV4 àtijọ́, Subaru àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Mélòó nínú wọn ló ṣì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn nílùú wa? Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ tí èmi ti bẹ̀rẹ̀ wò, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọn ò fi ayùn gé e o. Sípánà ni wọ́n fi tú ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti iwájú lọ sẹ́yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là, wọ́n gbé e jù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí olówó mọ́tò máa lọ, pé ariwo ti tán. Ariwo sì tán lóòótọ́. Ṣebí ẹni tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ẹsẹ̀ náà ò tún ní dùn ún mọ́? Àwọn àgbà tó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, wọn ò tíì rí CR-V nígbà tí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá a mu.

Ohun tí mo ń wí kò pọ̀. Ẹni tó ra irú mọ́tò yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi sípánà kàn án. Púpọ̀ nínú àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ ń tú pùròpẹ́là, olówó mọ́tò tó ní etí méjì àti téèpù télọ̀ kan lè mọ̀ ọ́n nínú ọgbà ilé rẹ̀.

N ò bú àwọn mẹkáníìkì wa. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá wọn níṣẹ́, orí Peugeot 504 àti Volkswagen Ìjàpá ni wọ́n ti mọ iṣẹ́. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó, tayà ẹ̀yìn nìkan ló sì ń ti àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fi iwájú fa ara wọn wá gbòde. Subaru ti gbé ọkọ̀ ará ilé tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn jáde ní Japan láti 1972, Audi gbé Quattro jáde ní 1980, RAV4 dé ní 1994, CR-V dé ní 1995. Ìgbà tí òyìnbó lò wọ́n tó sú u ni wọ́n gba Kútọnu àti Àpápá wọlé tọ̀ wá wá, tí ìwé inú pijin-họ́ọ̀lù wọn ti sọnù, tí kò sì sí ẹnìkan tó jókòó ti àwọn ọmọ iṣẹ́ láti ṣàlàyé fún wọn. Tí ẹni tí wọn ò kọ́ ní nǹkan ò bá mọ̀ ọ́n, a ò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ tó ń gbówó bí ẹni tó mọ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú igbe CR-V, torí òun ni wọ́n torí ẹ̀ ń gé ẹsẹ̀ jù. Tí ẹ bá fẹ́ páàkì, tí ẹ rọ ìdarí dé òpin, tí mọ́tò ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó gbọ́ "hùn-ùn-ùn" láti ẹ̀yìn bí ìgbà tí akọ màlúù ń kùn, ara mọ́tò á tún máa gbọ̀n. Bẹ́ ẹ bá na ìdarí tààrà, ó tán. Mẹkáníìkì á ní gíà ẹ̀yìn ti kú. Irọ́ ni, kò kú. Pọ́ǹpù kékeré méjì ló wà nínú àpótí gíà ẹ̀yìn náà. Tayà iwájú ló ń yí ọ̀kan nípasẹ̀ pùròpẹ́là, tayà ẹ̀yìn ló ń yí èkejì. Nígbà tí iwájú àti ẹ̀yìn bá jọ ń sáré bákan náà, ọ́ìlì tí ọ̀kan tì ni èkejì ń fà, iwájú nìkan ni yóò sì máa fa mọ́tò lọ. Ọjọ́ tí tayà iwájú bá wọ ẹrẹ̀ tó ń yí lásán, pọ́ǹpù tirẹ̀ á yára ju ti ẹ̀yìn lọ, ọ́ìlì tí kò ríbi gbà mọ́ á fún àwọn àwo kíláàṣì pọ̀, ẹ̀yìn náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti mọ́tò. Ọ́ìlì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Tó bá ti gbó, tàbí tí ẹnìkan ti lọ da ọ́ìlì gíà lásán sí i, àwọn àwo náà á máa gán ara wọn, wọ́n á jura wọn sílẹ̀, wọ́n á tún gán ara wọn. Orí kọ́ọ̀nà ló ti ń hàn jù, torí pé nígbà tí mọ́tò bá ń ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, ọ̀nà tí tayà iwájú ń tọ̀ gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, ìyẹn ni pé iwájú ń yára ju ẹ̀yìn bí ẹrẹ̀ ò tilẹ̀ sí.

Oògùn rẹ̀? Ọ́ìlì tuntun, nǹkan bíi lítà kan. Kì í ṣe ọ́ìlì gíà tí wọ́n ń wọ̀n nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà o, èyí tí Honda fúnra wọn ṣe fún un ni, Dual Pump Fluid ló wà lára agolo rẹ̀. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wá pápá kan, kí ẹ wa mọ́tò yí po bí nọ́ńbà 8, lápá ọ̀tún, lápá òsì, kí ọ́ìlì lè wọ àwọn àwo náà dáadáa. Tí igbe bá kù díẹ̀, ẹ tún un pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Owó tí ẹ ó ná, ẹ fi wé iye tí wọ́n ń pè fún àpótí gíà tókunbọ̀ ní Ládìípọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ń jẹ èrè ìgbà tí ẹ ò bá mọ̀.

Mo tilẹ̀ ti rí ẹni tí wọ́n gbówó sukánà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí igbe yìí. Sukánà kẹ̀! Pọ́ǹpù, ọ́ìlì àti àwo irin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún yín yẹn, kò sí wáyà kan ṣoṣo tó ń darí rẹ̀. Kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ bá a sọ?

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí ni pé ìdérí méjì ló wà lára àpótí náà, ti òkè tí à ń gbà da ọ́ìlì sí i, àti ti ìsàlẹ̀ tí à ń gbà yọ ọ́ dànù. Ẹ kọ́kọ́ tú ti òkè. Ìdí ni pé púpọ̀ nínú mọ́tò wọ̀nyí, ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ti wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ti jẹ abẹ́ wọn, ìdérí náà ti dógùn-ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da ọ́ìlì tàtijọ́ nù tán, kó tó wá rí i pé ti òkè ò tú, àwòmọ́jú ló kù tó máa fi mọ́tò ẹ̀ wò níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ariwo ló jẹ́ ti ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ìyà ti ń jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá ń dún "ká-ká-ká" níwájú nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́ kọ́ọ̀nà tí ẹ tún tẹ iná, oríkèé ṣáàfù tayà iwájú ni. Ẹ wo rọ́bà tó bò ó, ẹ ó rí i pé ó ti ya, gíríìsì á sì ti ta sára irin tayà nínú lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ "wùùùù" tó ń ga bí eré bá ṣe ń ga, tó sì ń yí ohùn padà bí mọ́tò bá fì sápá kan, bíárìn tayà ni, pùròpẹ́là ò mọ nǹkan kan sí i. Tó bá dún "gbì!" nígbà tí ẹ bá kó gíà sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ sítì ẹ́ńjìnnì, ó sì lè jẹ́ oríkèé pùròpẹ́là. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi òkúta dí tayà, ẹ fi ọwọ́ di pùròpẹ́là mú kí ẹ mì í. Èyí tó ti jẹ á mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ẹ má sì wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbé tayà kan ṣoṣo sókè kí ẹ wá kó ẹ́ńjìnnì sí gíà. Àwọn tó kù nílẹ̀ lè gba agbára, kí mọ́tò fò kúrò lórí jáàkì.

Ti RAV4 tún yàtọ̀, ewu tirẹ̀ sì ju ti CR-V lọ. Àwọn ti àkọ́kọ́ tó jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, gíà ìpín kan ló wà láàrin tó ń ṣe é. Bí ẹ bá yọ pùròpẹ́là irú èyí, agbára, tó dà bí omi tó ń wá ibi tó rọrùn gbà, á sá lọ síbi tí wọ́n ti yọ ọ̀pá, á máa yí níbẹ̀ lásán. Yálà kí mọ́tò má lọ rárá, tàbí kó máa wọ́ lọ nígbà tí ohun tó ń di gíà ìpín náà mú ń gbóná títí yóò fi jóná.

Tayà sì ni ọ̀tá tí ẹ̀ ń fọwọ́ ara yín rà. Méjì tuntun níwájú, méjì gbígbó lẹ́yìn, fọkanáísà á ní kò ṣe nǹkan kan. Lára mọ́tò mìíràn, bóyá. Lára èyí tó ń pín agbára nígbà gbogbo, tayà gbígbó kéré ju tuntun lọ, ó sì gbọ́dọ̀ yí lemọ́lemọ́ ju èkejì lọ kó tó bá a dé ibi kan náà, inú gíà ìpín ni ìyàtọ̀ yẹn á ti máa lọ, láti Ìbàdàn dé Èkó, láìsinmi. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn dọ́gba, ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan yíká. Àwọn tó ń ṣe Subaru ní kí ìyàtọ̀ má ju ìdá mẹ́rin ínṣì kan lọ. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tayà: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018.

Ọ̀gá tíṣà kan wà tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Àkúrẹ́. Nítorí ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ lápá Ìdànrè ló ṣe ra CR-V. Ẹ̀yin tí ẹ mọ apá ibẹ̀ mọ bí òkè ṣe pọ̀ tó, àti bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ nígbà òjò. Mọ́tò yìí kùn, ó gbé e lọ, wọ́n tú pùròpẹ́là, wọ́n ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Kò pẹ́ sí i, ìyá rẹ̀ tó wà lóko ṣàìsàn ní òru, òjò ń rọ̀, ó lọ gbé e. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tayà iwájú ń yí, mọ́tò ò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn títí ó fi jókòó sínú kòtò. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọn ìyá àgbà jáde sójú títì. Ìyá yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ tayà méjì ẹ̀yìn tó yẹ kó ti mọ́tò yẹn gun òkè, ẹnìkan ti gbé ọ̀pá wọn jù sínú koríko, nítorí lítà ọ́ìlì kan.

Àwọn kan á ní epo ni àwọn ń ṣọ́. Mo gbọ́. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà tó wà ní nǹkan bíi náírà 190 fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan, kò sì sí ẹni tí ojú ẹ̀ ò là. Yíyọ pùròpẹ́là lè dín epo kù díẹ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àpótí gíà ẹ̀yìn àti ṣáàfù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ̀ ń rù kiri. Ṣé ẹ ti wo púlọ́ọ̀gì? Ṣé ẹ ti gbọn àlẹ̀mọ́ afẹ́fẹ́ tó ti di ẹrùpẹ̀? Ṣé búréèkì kan ò gán tayà mú? Ẹni tí kò wo ìyẹn tó ń gé ẹsẹ̀ mọ́tò, epo kọ́ ló ń ṣọ́. Ẹni tó bá sì sọ pé òun ò fi fọ́ọ̀-wíìlì ṣe nǹkan kan l'Ékòó, kò burú, Honda ta CR-V tó jẹ́ iwájú nìkan ló fi ń rìn pẹ̀lú. Kó ra ìyẹn, kó fi èyí sílẹ̀ fún àwa tí à ń gun òkè.

Wọ́n tún ń sọ pé iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe ni, kí ẹni tí kò kọ́ ọ má fọwọ́ kàn án. N ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ tú gíà sórí ẹní nínú pálọ̀. Wíwò, gbígbọ́, wíwọn tayà àti pípààrọ̀ ọ́ìlì ni mò ń wí. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná kì í ṣe nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ó máa ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ kó tó gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì máa ń mọ ohun tó fẹ́ sọ fún dókítà nígbà tó bá débẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti tú tiyín ńkọ́? Tí pùròpẹ́là náà bá ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yẹn, tí wọn ò tíì tà á, ẹ lọ gbé e lónìí. Ẹ wo oríkèé rẹ̀ àti bíárìn tó gbé e ró láàrin. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀yìn kí ẹ tó dè é padà, torí bí ẹ bá dè é sórí ọ́ìlì àtijọ́, kọ́ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣẹ́ ló máa tún kùn.