Ajégúnlẹ̀ Wo Ni Ẹ Ń Wí?

Àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá kì í bẹ̀rù omi. Bí ọjọ́ ìsinmi bá pé, wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí etíkun Tarkwa Bay, níbi tí mọ́tò kì í dé, kí wọ́n lè dúró lórí pákó kí ìgbì sì máa gbé wọn sáré bọ̀ ní èbúté. Ní báyìí, eré mìíràn ni ojú wọn ń wá. Wọ́n ti rí i lórí fóònù: ènìyàn mẹ́fà tàbí méje nínú ọkọ̀ rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ kún, àjẹ̀ lọ́wọ́ oníkálukú, tí odò ń gbé wọn sókè, tó sì ń jù wọ́n sílẹ̀ láàrin àpáta. Ìbéèrè wọn ni pé, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ dáàmù ni wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn, kí ló dé tí a kò lè ṣe é ní ìsàlẹ̀ dáàmù Ọ̀yán tiwa?

Ìbéèrè gidi ni. Kò yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, odò kan wà tó ń jẹ́ Gauley. Dáàmù Summersville, tí wọ́n parí ní ọdún 1966 láti dènà omíyalé, ló sé odò náà. Bí ìgbà ooru wọn bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dín omi ẹ̀yìn dáàmù náà kù, kí àyè lè wà fún omi ìgbà òtútù. Omi tí wọn ì bá kàn dà nù bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ rọ́bà sọ di ọdún. Ní 1986, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fi òfin gbè é lẹ́sẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣí omi náà fún eré pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án, òpin ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà ni ìlẹ̀kùn dáàmù fi ń ṣí, ní ọjọ́ tí gbogbo ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ ìwọ̀n omi tí yóò jáde: nǹkan bíi kúbíìkì mítà 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ti lè gba yàrá sílẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Kì í ṣe gbogbo dáàmù ló ń ṣe eré lóore o. Ní Jinja, ní Uganda, dáàmù Bujagali tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012 bo àwọn ibi tí odò Náílì ti ń ru gùdù mọ́lẹ̀. Àwọn awakọ̀ rọ́bà kó lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tó di 2019, dáàmù Isimba tún bo òmíràn.

Ó wá ku tiwa. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù Ọ̀yán ní 1983, kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ odò Ògùn, odò Ògùn sì ń ṣàn wọ ọ̀sà. Láti Ìṣẹrì títí dé ọ̀sà, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí àpáta tí yóò gbé ọkọ̀ rọ́bà fò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àpáta, apá òkè ló yẹ kó lọ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi àpáta ṣe bí kò bá mọ wákàtí tí ìlẹ̀kùn yóò ṣí? Odò tó rọlẹ̀ ní àárọ̀ lè kún dé àyà lọ́sàn-án láìsí ẹ̀kán òjò kan.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá tí wọ́n ń gbé àjẹ̀ ní Gauley ni àwa náà ń ṣí omi Ọ̀yán, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrẹsì ni àwọn ará ìsàlẹ̀ odò tiwa ń gbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi náà lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ kúrò nílé.

Ajégúnlẹ̀ wo? Ti ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni o. Ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí bí ọkọ̀ ni orúkọ náà túmọ̀ sí, ta ni kò sì fẹ́ kí ajé gúnlẹ̀ sí àdúgbò òun? Ìdí nìyí tí orúkọ náà fi pọ̀. Ajégúnlẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ Àpápá, ní Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, òjò àti gọ́tà tó dí ni ọ̀tá tirẹ̀. Omi Ọ̀yán ń gba iwájú Àpápá kọjá sí òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sà ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó débẹ̀. Síbẹ̀, bí rédíò bá ti dárúkọ Ajégúnlẹ̀, ìyá tó wà nílé ní Ìjẹ̀bú yóò pe ọmọ rẹ̀ tó wà ní Boundary pé kó sá jáde. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó wà ní Ajégúnlẹ̀ kejì, tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an, lè rò pé ti Àpápá ni wọ́n ń wí.

Ìkéde tí mo fẹ́ gbọ́ kò gùn: pé ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú, ìlẹ̀kùn méjì yóò ṣí ní Ọ̀yán, iye omi báyìí ni yóò jáde, ọjọ́ báyìí ni yóò dé Ìṣẹrì, Agbóyì, àti Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú, kí apẹja má sọ àwọ̀n, kí ọlọ́kọ̀ má sì gbé èrò. Ọjọ́ tí a bá ń gbọ́ irú rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ rọ́bà lọ bá àwọn apẹja Ìṣẹrì sọ̀rọ̀.