Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Iná Ilẹ̀ Àríwá Ń Fẹ́ Ọ̀nà Mìíràn

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, òkùnkùn bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní òkè Odò Ọya. Ní Kano, ní Kaduna, ní Bauchi àti ní Gombe, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí iná tó padà. Ọmọ Yorùbá tí ń ránṣọ ní Sabon Gari, atẹ̀wé, wẹ́dà, onígbàjámọ̀ àti ìyá tí ń ta ẹja inú yìnyín, gbogbo wọn ni ó mọ ohun tí ọjọ́ wọ̀nyí gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ fi èrè rẹ̀ ra epo. Ẹni tí kò ní jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná ni ó tán níbi tí a ti ń pèsè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí iná ń gbà wá ni ó dí. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni iná ńlá fi ń wọ apá ilẹ̀ wọ̀nyí. Èkíní wá láti Shiroro ní Ìpínlẹ̀ Niger, ó sì dé Mando ní Kaduna. Èkejì wá láti Ugwuaji ní Enugu, ó gba Apir lẹ́bàá Makurdi kọjá lọ sí Jos. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti ba ti èkíní jẹ́ nínú igbó tí àwọn òṣìṣẹ́ kò lè wọ̀ nítorí ìbẹ̀rù àwọn agbébọn. Ẹrù wá di ti ọ̀nà kejì nìkan. Ní ọjọ́ tí òun náà já, kò sí ibòmíràn tí iná lè gbà mọ́.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà ní òfin tí ó bá òwe yìí mu: kí a fi ọkàn yọ ọ̀nà iná kan ṣoṣo kúrò, èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, ìyókù gbọ́dọ̀ lè gbé gbogbo ẹrù láìsí pé ìlú kan ṣókùnkùn. Ìdí òfin náà kò ṣòro láti mọ̀. Bí iná tí ń ṣàn nínú wáyà kan bá di ìlọ́po méjì, ooru tí ń ṣòfò lórí rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Wáyà tí a di ẹrù ẹlòmíràn rù kì í pẹ́ kí ó tó rẹ̀.

Bí a bá wo ẹ̀yìn, a óò rí ibi tí àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, wáyà oní-330,000 volt ni a fà láti ibẹ̀: ọ̀kan gba gúúsù lọ sí Èkó, òmíràn gba àríwá lọ sí Kaduna. Ní 1972 a dá NEPA sílẹ̀, wáyà sì ń gùn sí i. Ṣùgbọ́n bí igi ni ó ṣe ń dàgbà, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Bí a bá gé ẹ̀ka igi, gbogbo ewé tí ó wà lórí rẹ̀ ni yóò rọ. Maiduguri tọ́ èyí wò ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí a wó òpó onírin tí ó gbé iná dé ibẹ̀ láti Damaturu. Ìlú náà wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí àwọ̀n apẹja ni ó yẹ kí wáyà iná rí: bí fọ́nrán kan bá já, ẹja kò ní sá lọ.

Àwọn kan ń sọ pé ibi ìpèsè iná tuntun ni kí ìjọba kọ́ ṣáájú. Ohùn wọn kò ṣeé kó dànù, ṣùgbọ́n kí wọn ó ro èyí: ẹ̀rọ tí ó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà lè pèsè ju 13,000 megawatt lọ lórí ìwé, síbẹ̀, títí di oṣù kẹta ọdún 2025, èyí tí ó pọ̀ jù lọ tí a tíì gbé lórí wáyà ní ọjọ́ kan kò pé 6,000. Àìtó gáàsì wà nínú ìdí rẹ̀, àìtó ọ̀nà náà sì wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lo òfin iná ti ọdún 2023 láti ṣe tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kano ti ní ibi ìpèsè iná oòrùn oní-10 megawatt ní Kumbotso. Ṣùgbọ́n èyí kò lè dá ẹrù ìlú ńlá bíi Kano gbé.

Ibi tí iṣẹ́ wà hàn kedere. Sokoto wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kan tí ó gba Birnin Kebbi wá. Zaria àti Kano sì wà lórí ọ̀nà mìíràn tí ó gba Kaduna. Bí a bá fa wáyà ńlá láti Sokoto gba Gusau àti Funtua dé Zaria, ìpẹ̀kun méjì yóò di òrùka kan. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé ètò TCN tipẹ́. Nígbà tí a ta àwọn ilé iṣẹ́ iná mìíràn ní 2013, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wáyà ńlá ṣẹ́kù sí. Nítorí náà, kò sí ẹlòmíràn tí a lè di ẹ̀bi rù bí ìwé náà bá ń jó rẹ̀yìn nínú àpótí.

Ẹnì kan lè bèèrè pé: àwọn agbébọn kò ha wà nínú igbó Zamfara pẹ̀lú? Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí a tó já ọ̀nà mẹ́ta tí ó jìnnà síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì yẹ kí ìjọba ro ti àwọn abúlé tí òpó onírin gba orí oko wọn kọjá, tí iná kò sì tàn nínú ilé wọn. Kí ni yóò mú wọn ṣọ́ ohun tí kò ṣe wọ́n ní oore? Kí a san owó ilẹ̀ wọn ní àkókò, kí a fún wọn ní iná, kí a sì gba àwọn ọmọ wọn síṣẹ́ ọdẹ.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní òkè Ọya kò gbọdọ̀ pe èyí ní ọ̀rọ̀ onílùú. Ibi tí orí dá ẹni sí ni à ń gbé, ibẹ̀ náà ni a ti ń tọ́jú ohun tí ó ń bọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ra ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú lábẹ́ wáyà ńlá. Àyè oní-mítà 50 ni òfin yà sọ́tọ̀ fún wáyà oní-330,000 volt. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú kọ̀ọ̀kan sì bá ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ oníṣòwò ibẹ̀ pa ohùn pọ̀, kí wọn bèèrè lọ́wọ́ aṣòfin wọn pé: níbo ni iṣẹ́ ọ̀nà kejì dé? Bí òkùnkùn bá tún dé, kì yóò bèèrè ìlú tí a ti bí aránṣọ kí ó tó bo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.