Géèmù Tí A Sanwó Rẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ géèmù alágbèéká wọn tuntun, Switch 2, jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, 449.99 dọ́là ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ dọ́là kan sí 1,500 náírà. Owó ọ̀hún ń lọ sí 675,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́sàn-án lọ, láìjẹ, láìmu, láìwọ mọ́tò, kó tó lè ra ẹyọ kan fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan sì nìyẹn. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mario Kart World, géèmù tó jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, 79.99 dọ́là ni wọ́n ń tà á, nǹkan bí 120,000 náírà. Ẹ wo Switch àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 2017 náà. 299.99 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà náà, ṣùgbọ́n páádì rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń pè ní Joy-Con, bó bá bàjẹ́, 79.99 dọ́là ni wọ́n ń ta tuntun. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀rọ lọ. Páádì náà sì ń bàjẹ́ lóòótọ́: kókó kékeré tí ọmọ ń fi àtàǹpàkò darí, bó bá ti gbó, á máa gbé ẹni inú géèmù kiri láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gígábáìtì 32 péré ni àyè inú ẹ̀rọ ọ̀hún, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dáńlóòdù géèmù ńlá méjì mẹ́ta gbọ́dọ̀ ra káàdì. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ẹni tó bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá ọ̀pọ̀ nínú géèmù wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní láti máa san 19.99 dọ́là lọ́dún. A ò tíì dárúkọ àpò tí wọ́n ń gbé e sí àti rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀.

Bí okòwò yìí ṣe rí nìyẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, 249.99 dọ́là ni Nintendo ń ta ẹ̀rọ alágbèéká wọn, 3DS, ní Amẹ́ríkà. Ọjà kò yá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, wọ́n ti já a wálẹ̀ sí 169.99 dọ́là, wọ́n ń pàdánù lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà, Satoru Iwata tó jẹ́ ọ̀gá àgbà sì gé owó oṣù ara rẹ̀ sí ìdajì. Àwọn tó ti fi owó gọbọi rà á, géèmù 20 tí wọ́n lè dáńlóòdù lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi pẹ̀tù sí wọn nínú. Kí ló lè mú oníṣòwò fara mọ́ àdánù báyìí? Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń mú oníbàárà wọlé, pé géèmù àti àwọn nǹkan èlò rẹ̀ ni èrè yóò ti jáde lẹ́yìnwá ọ̀la.

Sony náà ṣe bẹ́ẹ̀, àṣejù sì bá tiwọn. Nígbà tí ẹ̀rọ alágbèéká wọn, PS Vita, dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì ọdún 2012, 249.99 dọ́là ni. Káàdì táwa ń kì bọ inú fóònù kò lè wọ inú rẹ̀. Àfi èyí tí Sony fúnra wọn ṣe fún un. Gígábáìtì 32 nínú káàdì ọ̀hún jẹ́ 99.99 dọ́là. Káàdì tí kò ju èékánná lọ gba owó tó tó ìdá méjì nínú márùn-ún owó ẹ̀rọ, nígbà tí káàdì fóònù tó gba iye ẹrù kan náà kò sún mọ́ iye yẹn rárá. Àwọn tó rà á kò gbàgbé, wọn kò sì dárí jì wọ́n.

Gbogbo èyí ṣì ṣeé fara dà, torí ohun tí a fi ojú rí ni, a lè ṣírò rẹ̀ kí á tó tọwọ́ bọ àpò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé géèmù fúnra rẹ̀ kò jẹ́ ohun ìní mọ́.

Lọ́dún 1989 tí Game Boy ti Nintendo jáde, 89.99 dọ́là ni ní Amẹ́ríkà. Gunpei Yokoi àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ lo ohun èlò tó ti pẹ́ lọ́jà, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ mèremère, ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́rin ń gbé e fún wákàtí tó pọ̀. Game Gear ti Sega tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1990 ní àwọ̀, àmọ́ bátìrì mẹ́fà ni, kì í sì í lò ju wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Òbí tó ń ra bátìrì mọ èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, Game Boy ló sì borí. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú kátíríìjì ni géèmù rẹ̀ wà. Ọmọ tó bá gbá a sú lè tà á, ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó lè fi ta àbúrò lọ́rẹ. Owó tí ìdílé kan ná a máa padà wá lápá kan, ìdílé tí kò lówó tó sì rí tirẹ̀ rà ní ẹ̀dínwó.

Ta ló mọ iyì òwò bẹ́ẹ̀ ju àwa tí tòkunbọ̀ wọ̀ láṣọ, tó gbé wa níṣẹ́, tó bá wa tọ́jú oúnjẹ nínú fíríìjì lọ? Ohun tó ṣeé tà lẹ́ẹ̀kejì ni ọ̀nà tí ọrọ̀ fi ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù.

Ọ̀nà yẹn ni dáńlóòdù ń dí. Lọ́dún 2009, Sony gbé PSP Go jáde ní 249.99 dọ́là, nígbà tí PSP tó ń lo díìsì wà lọ́jà ní 169.99. PSP Go kò ní ojú ihò tí a ó ki díìsì bọ̀. Ẹni tó ti ní díìsì ogún nílé kò lè lo ẹyọ kan nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà kọ̀ ọ́, kò sì tó ọdún méjì tí Sony fi kógbá rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n èrò tó bí i kò kú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2023, Nintendo ti ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí 3DS ń lò. Ẹni tó ti rà tẹ́lẹ̀ ṣì lè tún tirẹ̀ dáńlóòdù, títí ọjọ́ tó bá wu onísọ̀. Ṣùgbọ́n géèmù tí kò ní kátíríìjì, kò sí ibi tí ẹni tuntun yóò ti rí i rà mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Video Game History Foundation ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn géèmù àtijọ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010 ni kò sí lórí àtẹ mọ́.

N kò ní kí á lé dáńlóòdù nílùú. Ọ̀dọ́mọdé tó ṣe géèmù nínú yàrá rẹ̀, tí kò lówó tí yóò fi tẹ kátíríìjì, ó ti tipa bẹ́ẹ̀ rí ọjà tà káàkiri ayé. Ẹ̀dínwó pọ̀ níbẹ̀, géèmù kì í sì í sọnù sábẹ́ àga. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù àyálò, bí kò fúnni lápá, a fúnni lọ́rùn. Ohun tí a kò lè tà, tí a kò lè jogún, tí onísọ̀ lè tì mọ́ wa lójú, kò yẹ kí owó rẹ̀ bá ti ohun ìní dọ́gba.

Ìpínlẹ̀ California ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, oníṣòwò tó bá ń lo ọ̀rọ̀ bíi “rà” fún géèmù dáńlóòdù tí wọ́n lè gbà padà gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀ fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò ló ń gbà. Ó yẹ kí àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà béèrè irú rẹ̀ fún wa, kì í ṣe lórí géèmù nìkan, àmọ́ lórí orin, fíìmù àti ìwé tí à ń fi káàdì báńkì sanwó fún lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun tí ẹ ń di ẹrù ọdún wálé, ẹ má ra ẹ̀rọ kí ẹ tó ṣírò géèmù, káàdì àti páádì rẹ̀ mọ́ ọn. Bí géèmù kan bá wà nínú kátíríìjì, òun ni kí ẹ mú. Ẹ sì yẹ ara páálí Switch 2 wò dáadáa, torí àwọn káàdì kan wà tí kò sí géèmù nínú wọn, àṣẹ láti lọ dáńlóòdù rẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Owó tí ẹ fi òógùn wá kò yẹ kó lọ sórí ohun tí ẹlòmíì ṣì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.