Ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ju símẹ́ńtì lọ

Ní ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Tinian, erékùṣù kékeré kan nínú òkun Pàsífíìkì. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Wake, erékùṣù mìíràn nínú òkun kan náà, ní ọdún 1941.

Wake jìnnà sí Hawaii tó nǹkan bíi 3,700 kìlómítà. Kò sí odò kankan níbẹ̀. Símẹ́ńtì, katakata, epo àti oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ gúnlẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, wọ́n ti lé ní 1,100. Wọn kì í ṣe sójà. Káfíńtà, awakọ̀ katakata àti alásè ni wọ́n, owó iṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá, Jàpáánù ju bọ́ǹbù sí Wake. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló bá àwọn sójà gbé ọta ìbọn ńlá. Ìgbà tí ogun ti dé tán ni wọ́n tó ṣètò láti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ kò dé, àwọn ọ̀gá ní kó padà. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, Jàpáánù gba erékùṣù náà. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ sígbèkùn, wọ́n sì fi àwọn 98 sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1943, wọ́n pa gbogbo wọn. Ọ̀gágun Sakaibara, tó pàṣẹ náà, ni wọ́n yẹgi fún ní ọdún 1947.

Lóòótọ́, Amẹ́ríkà kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1942, wọ́n fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tó jẹ́ ọmọ ogun gan-an, tí a mọ̀ sí Seabees. Ṣùgbọ́n ọdún 1981 ni ìjọba tó ka àwọn òṣìṣẹ́ tó gbèjà Wake sí ajagunfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ti kú kó tó dé bẹ́ẹ̀.

Ìjọba yòówù tó bá fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ kọ́ ilé ogun lágbami gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kó tó sanwó símẹ́ńtì, ọkọ̀ tí yóò kó wọn kúrò, ìgbà tí yóò kó wọn àti ohun tí ẹbí wọn yóò gbà bí aburú bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mọ bí òun yóò ṣe kó ènìyàn lọ gbọ́dọ̀ mọ bí òun yóò ṣe kó wọn bọ̀.