*LÀÁLÌ DÚDÚ KÌ Í ṢE LÀÁLÌ*

 Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́, pàápàá bí ìyàwó tí yìgì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ bá wà nínú ilé yín.

Nǹkan dúdú kirikiri tí wọ́n ń fi ya òdòdó sí àwọn ìyàwó lọ́wọ́ lóde òní, tó ń gbẹ kí ẹ tó mu tíì tán, kì í ṣe làálì. Dáì irun ni. Wọ́n kàn jí orúkọ làálì fún un ni.

Ewé ni làálì. Lalle ni àwọn Hausa ń pè é, ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ náà ti bọ́ sí wa lẹ́nu. Wọ́n á sá ewé yìí, wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á fi omi tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó. Èròjà tó ń kun ara nínú rẹ̀ ń jẹ́ lawsone. Ṣe ni ó máa ń dì mọ́ awọ òde ara, ìdí nìyẹn tó fi ń mú dáadáa ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí awọ ti nípọn, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú lápá. Bí ẹ bá ha á kúrò lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Di ọjọ́ kejì, yóò ti ṣú, yóò dà bí obì tó ti gbó. Láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, bí awọ ara bá ṣe ń bó ni òun náà ń ṣá lọ. Ẹ lè pò ó láti àárọ̀ di alẹ́, ewé yìí nìkan kò ní dúdú bí èédú láéláé.

Kí wá ni ó ń sọ ọ́ di dúdú? Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ p-phenylenediamine ni. PPD ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú, ti lẹ́bú àti ti kíríìmù, tí wọ́n ń tà ní sáṣẹ́ẹ̀tì lọ́jà. Irun ni wọ́n ṣe é fún. Ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí ó ju ìdá 2 nínú 100 lọ nínú dáì tí a fẹ́ fi sórí, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ya nǹkan sára rárá. Ní Amẹ́ríkà bákan náà, wọn kò fọwọ́ sí i fún awọ ara. Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara níbẹ̀ tí wọ́n ń rí sí irú àìsàn yìí pè é ní ohun tó ń da ara láàmú ti ọdún náà. Ẹ yí páálí yẹn padà kí ẹ kà á: ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a dán an wò sí ibi kékeré ní wákàtí 48 ṣáájú. Èwo nínú àwọn onílàálì wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ojú ni wọ́n fi ń wọn lẹ́bú náà sínú abọ́. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ fi ewé kankan sí i, dáì àti omi lásán ni.

Ohun tó ń ṣe ni èyí. Lára àwọn kan, láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2, ibi tí wọ́n ya òdòdó sí á bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Á wú, á lé ròrò, omi á máa jáde níbẹ̀. Tí ó bá jinná tán, àpá rẹ̀ á mú àwòrán òdòdó náà gẹ́lẹ́, bí ẹni pé irin gbígbóná ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Àpá náà lè pẹ́ púpọ̀ lára. Ti ẹlòmíràn kì í lọ mọ́.

Mo mọ èsì tí ẹ fẹ́ fọ̀. "Mo ti lé e nígbà ọ̀rẹ́ mi, mo lé e lọ́dún Iléyá, nǹkan kan ò ṣe mí." Èsì yìí gan-an ló ń pa wá lára jù. PPD kì í jẹ́ kí gbogbo ara kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣe ni ara máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọ, tí yóò dá a mọ̀ bí ọ̀tá. Ìgbà tí ẹ bá tún lò ó ni ìjà lè bẹ̀rẹ̀, bí ara bá sì ti kọ nǹkan yìí lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni. Ọmọ ọdún 12 tí ẹ lé e fún nítorí ọdún lè dàgbà, kó di ẹni ọdún 40, kó fẹ́ fi dáì bo ewú rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ojú rẹ̀ á wú débi pé kò ní lè là á. Kì í ṣe dáì nìkan o. Lára ẹlòmíràn, aró inú aṣọ dúdú kan, rọ́bà dúdú kan, àti òògùn ìpara kan tó ń mú ara kú, gbogbo wọn á di ẹ̀sùn sí i lára.

Ní Sudan, níbi tí làálì ti jinlẹ̀ nínú àṣà ìgbéyàwó, àwọn obìnrin máa ń po PPD mọ́ làálì kí ó lè tètè dúdú. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń kọ̀wé nípa ohun tí kẹ́míkà yìí ń fà: ọ̀fun tó wú títí èémí kò fi gba ibẹ̀ mọ́, kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó gba ẹnu wọlé sí lára ni ó pọ̀ jù nínú wọn, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ báyẹn ni a ń pò sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọdé nínú yàrá ìyàwó.

Àwọn kan tún ń sọ pé Sunnah ni. Làálì ni Sunnah, ẹ̀yin èèyàn mi! Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, tí wọ́n mú Abu Quhafa, bàbá Abu Bakr, wá pẹ̀lú ewú orí rẹ̀ tó funfun báláú, Ànábì ní kí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kí wọ́n sì yẹra fún dúdú. Àwọn àáfà ní àlàyé lórí bí ọ̀rọ̀ dúdú yẹn ṣe rinlẹ̀ tó, mi ò ní dá sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé sáṣẹ́ẹ̀tì dáì dúdú sọ́wọ́, tó wá ń fi Ànábì jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lójú rárá.

Bí ó bá sì jẹ́ pé dúdú gan-an ni ẹ ń wá, Yorùbá ní tiwọn rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà nípa bùjé, èso tí wọ́n ń fi omi rẹ̀ fín ara. Kò dé inú sáṣẹ́ẹ̀tì kankan.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa *ọmọ ìkókó*, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti làálì gidi ni èyí. Ẹ má fi làálì sí ọmọ tuntun lára, ìbáà jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ orí. Bí ọkùnrin 1 nínú 5 ní Nàìjíríà ni G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, lawsone á gba ibẹ̀ wọlé, á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó kàn rí i tí ojú ọmọ pọ́n bí àwọ̀ ibà pọ́njú, tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣú. Ìdí kan náà ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń lé yín kúrò lọ́dọ̀ káńfọ̀, bọ́ọ̀lù funfun olóòórùn tí ẹ ń kó sáàárín aṣọ ọmọ. Bí ẹ bá rí àmì yìí, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe àgbo.

Ẹ̀yin onílàálì, mi ò ní kí ẹ má jẹun. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ní iyì ni. Ní December 2024, UNESCO kọ làálì àti àṣà rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, orílẹ̀-èdè Lárúbáwá 16 ló gbé e síwájú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gba owó làálì kí ẹ wá fi dáì san án. Ẹ sọ fún ìyàwó pé kó wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú yìgì, torí ọjọ́ kejì ni àwọ̀ rẹ̀ ń dára jù.

Ìwọ tí wọ́n fẹ́ lé e fún, gbóòórùn abọ́ náà kí o tó na ọwọ́. Làálì gidi ń rùn bí ewé gbígbẹ, ó sì ní àwọ̀ ewé tó fara jọ ẹrẹ̀. Bí ó bá dúdú láti inú abọ́, tí wọ́n sọ fún ọ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó, dìde. Bí wọ́n bá ti lé e fún ọ, tó sì ń yún ọ, fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, má fi ìpara tó ń bó ara lé e, má fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha á, lọ rí dókítà. Bí ètè tàbí ojú bá wú, tàbí tí èémí kò já gaara, má dúró de ilẹ̀ mọ́. Sọ PPD fún wọn níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ.